Èèyàn Mẹ́fà Lórí Ọkọ̀ Tí Kò Ṣí

Mò ń fi rúlà fa ilà sínú ìwé èrò lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan tó jẹ́ pé, bí mo bá rántí rẹ̀ títí di òní, ńṣe ni mo máa ń fi gèlè bojú. Ọdún kọkànlá mi nìyẹn ní èbúté kan ní Àgbádárìgì, tí mo ń kọ orúkọ àwọn tó ń sọdá ọ̀sà. A kì í kọ orúkọ èké sínú ìwé yẹn. Bí omi bá ṣe ohun tó burú, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí.

Sẹ̀namì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí yóò gba iṣẹ́ ìwé náà. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ níbí. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ fún mi, pẹ̀lú ohun tó yẹ kí kọ̀ǹpútà ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù tó bá ti wù yín ni kẹ́ ẹ lò."

Mo kọ mẹ́tàlélógójì. Èrò kẹtàlá fẹ́ wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjìlá: kó kọ̀ fún un. Ẹnì kan forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: kó kà á sí ẹyọ kan. Ìjì dé, ọkọ̀ ò gúnlẹ̀: kó ránṣẹ́ sí ará ilé èrò. Sẹ̀namì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, ti orúkọ lọ́tọ̀, ti ìjókòó lọ́tọ̀, ti ojú ọjọ́ lọ́tọ̀. Ó wá tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo.

Mi ò tíì ṣẹ́jú tán tí ìlà mẹ́tàlélógójì fi sáré kọjá lójú kọ̀ǹpútà, àwọ̀ ewé fún èyí tó yege, pupa fún èyí tó kùnà. Ohun tí mo fi ọdún mọ́kànlá rí, ó ti dán gbogbo rẹ̀ wò kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu mi ò lè pa dé.

Méjì pupa. Sẹ̀namì tún wọn ṣe. Ó ní a máa tún gbogbo rẹ̀ dán wò látòkèdélẹ̀, torí àtúnṣe ibì kan lè ba ibòmíì jẹ́. Ó wá so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà kó lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí ara rẹ̀, ó sì lọ ra omi àgbọn.

"Àǹtí, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o."

Èmi tí mo máa ń bá èrò jà pé wọn kì í gbọ́ràn! Mo ṣáà fẹ́ rí i kí pupa méjì yẹn di ewé. Mo tẹ̀ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ di ewé bí oko lẹ́yìn òjò. Mo pàtẹ́wọ́ fún kọ̀ǹpútà. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ ẹ̀kẹta, kí n kàn lè wò ó.

Kò pẹ́ tí mo gbọ́ igbe. Ìyá Mautin ló ń sáré bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́, fóònù lókè.

"Àǹtí, ọkọ mi dà?"

Mo gba fóònù. "Ìjì dé. Ọkọ̀ tí èèyàn yín wọ̀ kò tíì gúnlẹ̀." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọlé. Mo wo ọ̀sà. Omi dákẹ́ rọ́rọ́, gbogbo ọkọ̀ ṣì wà ní síso ní èbúté. Ará ilé èrò márùn-ún mìíràn ti ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Àárín wọn ni Bàbá Mautin fúnra rẹ̀, tó ń hun àwọ̀n ẹja, ti yọ. Ọbẹ̀ ilá ṣì wà níka rẹ̀.

"Wọ́n ní mo wà lórí omi."

"Bàbá, ṣé ẹ ò rí ara yín nílẹ̀ ni?"

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ ò parọ́ rí. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí n wá wádìí."

Ìyàwó rẹ̀ fi bàtà ọwọ́ rẹ̀ lù ú lẹ́yìn, ó dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún. Ẹkún yẹn ló wọ̀ mí lára jù.

Sẹ̀namì dé. "Àǹtí! Nọ́ńbà tòótọ́ lẹ kọ?"

"Ṣé kí n kọ irọ́ sínú ìwé èrò ni?"

"Ìdánwò nìyẹn, Àǹtí, kì í ṣe ìwé èrò!"

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ ará ilé kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, Lágbájá àti Tàmẹ̀dù ló ń bọ́ sómi nínú ìdánwò wa lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó ń sunkún wọn. Ìyàlẹ́nu ẹ̀rọ yẹn ò tíì kúrò lójú mi, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdánwò àti òótọ́. Ohun tí mo bá kọ ló máa ṣe. Mo máa ń dá rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí Bàbá Mautin tó ń padà sídìí oúnjẹ rẹ̀, tó yíjú sí mi pé:

"Akọ̀wé, bó o bá tún máa rì mí sómi, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n jẹun tán ná."