Ìsìnkú Èéfín ní Solgae

Abúlé Solgae fara ti ilé iṣẹ́ irin kan létí òkun gúúsù Kòríà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Pyo, ẹnjiníà tó ti Sòólù wá, mú ìwé kan tọ Màmá Bun-rye lọ kó lè fọwọ́ sí i. Màmá ni olórí abúlé, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ariwo ìléru sì ti dí i létí ọ̀tún. Ó jókòó síwájú ilé, ó ń fi iyọ̀ pa ewé kábéèjì lára.

PYO: Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ọ̀rọ̀ ìdàrọ́ ló gbé mi wá.

MÀMÁ: (Kábéèjì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.) Ìdárò? Yéè! Ta ló kú?

PYO: Ẹnì kankan ò kú o! Ìdàrọ́ ni mo ní! Pàǹtí tó máa ń ṣẹ́ kù tí wọ́n bá yọ́ irin tán.

MÀMÁ: Òkìtì ẹ̀yìnkùlé mi yẹn? Kí ló ṣe é?

PYO: Inú rẹ̀ la fẹ́ sin èéfín sí.

MÀMÁ: Ìwọ náà lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹnì kankan ò kú! Ta ló ń jẹ́ Èéfín? Ọmọ ta ni? Jẹ́ n tètè gbé ọbẹ̀ ẹran kaná, èrò á pọ̀.

PYO: Màmá! Èéfín ẹnu ìléru ni! A ó wọ́n omi sí ìdàrọ́, a ó fẹ́ èéfín sí i, àwọn méjèèjì á dì mọ́ra, wọ́n á di òkúta. Èéfín ò ní lè jáde mọ́ láéláé.

MÀMÁ: Bí wọ́n ṣe fi èmi náà fọ́kọ nìyẹn.

PYO: (Ó na ìwé sí i.) Irin tó mọ́ la ó máa ṣe báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ibí lẹ máa fọwọ́ sí. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ń bọ̀ wá ṣí iṣẹ́ náà lọ́la. Tẹ́ ò bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

MÀMÁ: Ṣé aṣọ tí mo bá sá síta ò ní máa dúdú mọ́?

PYO: Ẹ̀n... èyí tójú ò rí, tó ń mú ayé gbóná, la fẹ́ sin, Màmá.

MÀMÁ: Èyí tí mò ń rí wá ńkọ́?

PYO: Ọ́fíìsì mìíràn ló ni ìyẹn.

MÀMÁ: Kò burú. Èyí tójú ò rí náà, ṣé gbogbo rẹ̀ ló máa wọ inú ìdàrọ́?

PYO: (Ó ń wo bàtà ara rẹ̀.) Tí a bá pín in sọ́nà ogún... ìdá kan.

MÀMÁ: Mọ́kàndínlógún tó kù?

PYO: Ó wà nínú ètò, Màmá. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n sí i.

Màmá nu iyọ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù. Ó gba bíírò, ó fa ìlà kíún kan sórí ìwé, ó sì dá a padà fún un.

PYO: Àh! Màmá, kí lèyí? Orúkọ yín dà?

MÀMÁ: Ìdá kan nínú ogún nìyẹn, ọmọ mi. Ìyókù wà nínú ètò.