Kọ́bọ́ọ̀dù Elépo ti Okharbot

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí oṣù Asar parí, kí ọdún ìnáwó ìjọba sì parí pẹ̀lú rẹ̀. Òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Sukmaya Ale, opó tó ni ẹ̀rọ tó ń bó ìrẹsì ní abúlé Okharbot, ti fẹsẹ̀ rin wákàtí márùn-ún láti orí òkè wá sí ọ́fíìsì iná ìjọba. Ìgbà kẹfà rẹ̀ nìyí lọ́dún yìí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń já eṣúṣú kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀, ó sì ń múra ọkàn sílẹ̀ fún Khagendra Rijal, ọ̀gá tó ń ṣètò ìnáwó, nítorí ọkùnrin yẹn máa ń lé e jáde bí ẹni ń lé ewúrẹ́ nídìí iṣu ni. Àfi bí ọ̀gá ṣe fò dìde lórí àga!

"Ìyá mi! Ẹ káàbọ̀! Ẹ kú òjò o! Ẹ wọlé, ẹ wá jókòó!"

Sukmaya wẹ̀yìn wò. Kò rí ẹlòmíì.

"Ọ̀gá, ṣé èmi lẹ̀ ń kí?"

"Ta ni n bá tún kí? Ẹ mu tíì. Ẹ jẹ bísíkíìtì. Ẹ buwọ́ lùwé síbí."

"Kí ni mo fẹ́ buwọ́ lùwé sí? Nítorí tíì?"

"Ìpàdé àwọn tó ń lo iná ni. Ó wà nínú ètò ọdún yìí, a ò sì tíì ṣe é. Ogójì èèyàn ló yẹ kó wá."

"Àwọn mọ́kàndínlógójì tó kù dà?"

"Wọ́n ń gbin ìrẹsì. Ẹ̀yin lẹ máa ṣojú gbogbo wọn. Ẹ ṣá máa mu tíì náà lọ."

"Ife tíì ogójì, ọ̀gá?"

"Èyí tí ikùn yín bá gbà ni kẹ́ ẹ mu. Mo ti kọ ogójì sílẹ̀."

Sukmaya gbé ife tíì sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò mọ ohun tí ọkùnrin yìí jẹ láàárọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tó bá rí ọ̀gá lórí ẹ̀rín kì í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ falẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà wa tó jó náà ni. Oṣù keje rèé tí Okharbot ti wà nínú òkùnkùn. Ẹ̀rọ mi ò lè ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin ti padà sídìí odó, wọ́n ń gún ìrẹsì títí apá fi ń ro wọ́n. Ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù ti ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá gbé ẹ̀rọ náà. Tó bá gbé e lọ, kí ni n ó máa jẹ?"

Rijal ṣí ìwé ńlá kan tó nípọn bí ìrọ̀rí. Ó fi ìka wá a lọ, ó wá a bọ̀.

"Okharbot… Okharbot… Ẹ̀n-ẹ́n! Ìyá, tiransifọ́mà yín ò jó."

"Háà! Ó jó o! Ojú mi báyìí ló ṣe. Ó dún gbàmù, adìẹ mi kan ò tíì yé ẹyin látìgbà náà."

"Ẹ gbọ́ mi yé. Nínú ètò wa, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni tiransifọ́mà máa ń lò kó tó jó. Tiyín ò tíì lò ju mẹ́fà lọ. Ó ku ọdún mọ́kàndínlógún."

"Ta ló sọ fún un?"

"Ta ló sọ fún ta?"

"Tiransifọ́mà náà. Ó jọ pé kò sẹ́ni tó sọ fún un."

"Ìyá, tó bá jẹ́ pé ó jó lóòótọ́, àìgbọràn ló ṣe. A ò sì ṣètò owó kankan fún àìgbọràn." Ó pa ìwé náà dé, ó tún rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Mo ní ohun tó dára jù ú lọ fún yín. Òpó iná! Ogójì!"

"Ogójì náà tún ni?"

"Ó rọrùn láti kọ."

"Ibo lẹ fẹ́ rì wọ́n mọ́? Ìrẹsì la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn káàkiri."

"Inú ìrẹsì náà ni. Ilẹ̀ ti rọ̀ dáadáa báyìí, òpó á wọlé wẹ́rẹ́."

"Á sì tún jáde wẹ́rẹ́. Àwọn tẹ́ ẹ rì ní Asar èṣí, mẹ́ta ti wó kí òjò tó dá."

"Wíwó ò kàn mí. Rírì ló wà nínú ètò."

"Wáyà ńkọ́?"

"Ọdún tó ń bọ̀."

"Iná ńkọ́?"

"Iná kẹ̀! Ìyá, ẹ ò ní sùúrù rárá. Ètò ọlọ́dún márùn-ún ni."

"Ó dáa. Àwọn òpó tí kò wó lèṣí, ẹfọ̀n la ń so mọ́ wọn."

"Ẹ rí nǹkan!" Rijal fa bírò yọ, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ń kà á jáde bó ṣe ń kọ. "Àwọn ará Okharbot… ti ń jẹ àǹfààní… àwọn òpó náà." Ó wá nawọ́ sí ìwé gbàǹgbà kan tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìlà pupa kan gun orí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń lọ sí òrùlé. "Ẹ wo ara yín níbẹ̀ yẹn. Iná tí Okharbot máa lò lọ́dún tó ń bọ̀ á fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ju tọdún yìí lọ."

"Iná wo, ọ̀gá? A ò níná!"

"Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tí kò jẹun fún oṣù méje, tó bá rí oúnjẹ, ṣé díẹ̀ ló máa jẹ ni?"

Sukmaya tẹjú mọ́ ìlà pupa náà. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́, ohun tó sì bà á lẹ́rù jù nìyẹn.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú sí mi. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń sáré tó báyìí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀!"

Rijal wo fèrèsé, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Owó tí a ò bá ná tán kí Asar tó parí, Kathmandu, olú-ìlú, ló ń padà sí. Wọ́n á ní Rijal ò mọ owó ná. Ẹni tí kò bá mọ owó ná, orí òkè ni wọ́n ń gbé e lọ, níbi tí mọ́tò ò dé, tí kò sóúnjẹ gidi, tó jẹ́ pé eṣúṣú ló máa ń kí èèyàn káàárọ̀."

"Bíi ọ̀dọ̀ tiwa?"

"Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ìyá, mi ò ní kẹ́ ẹ bínú o."

"N ò bínú. Ṣebí ẹ lówó tẹ́ ẹ fẹ́ ná? Ẹ fi ra tiransifọ́mà fún wa, ká jọ lọ jẹ́jẹ́."

Rijal di orí mú.

"Kò ṣeé ṣe! Àpò-àpò lowó wà. Àpò òpó, òpó la fi ń rà. Àpò ìpàdé, ìpàdé la fi ń ṣe. A kì í fi owó àpò kan ra ohun tó wà nínú àpò kejì, ẹ̀wọ̀n ni! Àpò àtúnṣe, tí mo fi lè bá yín ṣe é, ti gbẹ tipẹ́. Àpò àga àti kọ́bọ́ọ̀dù ló kún dẹ́múdẹ́mú."

"Ẹ ra àga nígbà náà."

"Mo ti rà á!" Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá kejì gbayawu. Àga lórí àga, títí kan òrùlé. Ó tiraka gba àárín wọn kọjá, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan: kọ́bọ́ọ̀dù mìíràn ló wà nínú rẹ̀. "Ìyá, ẹ wò ó! Ibo ni n ó tún kó o sí? Mo fún ọlọ́dẹ ní mẹ́fà. Mo fún ìyàwó ọlọ́dẹ. Owó náà ò tán!"

Omi ti ń lé sójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Sukmaya díẹ̀, ó wá rántí ọjọ́ Sátidé, àánú náà sì fò lọ.

"Eélòó tiẹ̀ ni tiransifọ́mà, ká tiẹ̀ mọ̀ bóyá a lè rí i rà?"

"Rírí kọ́ nìṣòro. Mẹ́ta wà lẹ́yìnkùlé níbí, lábẹ́ tapólì. Onísítọ́ọ̀ ni kò ní jẹ́ kó jáde, àfi tí àpò kan bá san owó rẹ̀."

"Mẹ́ta!" Inú bí obìnrin náà gidigidi. "Mẹ́ta wà lẹ́yìnkùlé, ẹ wá ń jẹ́ kí n máa rìn wá rìn lọ bí ìránṣẹ́! Ọ̀gá, ẹ ò ṣèèyàn!"

"Èmi kọ́, ìyá. Àpò ni."

Ó kù díẹ̀ kí Sukmaya da tíì sí i lára. Ó fi bísíkíìtì sẹ́nu dípò ìyẹn, ó rún un wómúwómú, ó sì rò ó dáadáa.

"Ọ̀gá, èmi ò kàwé o. Ẹ là mí lọ́yẹ̀. Kí ni ìwé yín ń pè ní kọ́bọ́ọ̀dù?"

Rijal ṣí ìwé mìíràn. "'Ohun èlò ọ́fíìsì tí a fi irin tàbí igi ṣe, tó níkùn, tó ń dúró sójú kan, tí a fi ń tọ́jú nǹkan.'"

"Èyí tó wà lẹ́yìnkùlé yẹn, kí ni wọ́n fi ṣe é?"

"Irin."

"Ó níkùn?"

"Ó ní."

"Kí ni wọ́n tọ́jú síkùn rẹ̀?"

"Epo, àti wáyà."

"Ṣé ó máa ń rìn?"

"Ìyá, ṣé tiransifọ́mà ló máa rìn?"

"Mo kàn ń bi yín ni. Tiwa ò kúrò lójú kan láti oṣù méje."

Ojú Rijal là gbòòrò. Bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá! Ẹ sì ní ẹ ò kàwé!"

"N ò kà á. Ìyẹn ni mo ṣe tètè rí i."

Ọ̀gá ti jókòó, ó ti ń kọ̀wé, ahọ́n rẹ̀ yọ síta bíi tọmọ ilé-ìwé. "Kọ́bọ́ọ̀dù irin… ẹyọ kan… aláwọ̀ eérú… elépo." Ó dúró. "Àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò bá bi mí pé kí lepo ń wá nínú kọ́bọ́ọ̀dù ńkọ́?"

"Ẹ ní kí ilẹ̀kùn rẹ̀ má baà máa han gooro ni."

"Kò ní ilẹ̀kùn."

"Ẹ ò rí i bí epo náà ti dáa tó? Kò han rí."

Rijal rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó buwọ́ lu ìwé náà, ó fa ìrù ìbuwọ́lùwé ọ̀hún gùn rẹrẹ, ó wá lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì: gbà! gbà! Inú rẹ̀ dùn. Ó yí ojú ìwé ìlànà náà padà láti fi gbádùn ara rẹ̀, ni ojú rẹ̀ bá rẹ̀wẹ̀sì.

"Ó parí. 'Ohun èlò ọ́fíìsì kò gbọdọ̀ kúrò ní ọ́fíìsì.' Ìyá, ibí yìí ni yóò dúró sí."

"Kí ló ń sọ ibì kan di ọ́fíìsì?"

"Pátákó."

"Pátákó nìkan?"

"Pátákó, tábìlì, àti àga."

"Ẹ ní àga?"

"Ìyá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹ kọ ọ́ pé ilé ẹ̀rọ ìrẹsì mi ni ọ́fíìsì yín tó wà ní Okharbot. Ẹ kun pátákó kan, ẹ fi àga mẹ́wàá sí i. Kọ́bọ́ọ̀dù á dúró níta, ẹ ní ìta náà wà lára ọ́fíìsì. Tílẹ̀ bá mọ́, àwọn ọkùnrin wa á wá gbé gbogbo rẹ̀. Àwọn náà ló gbé ẹ̀rọ mi gun òkè."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ kíákíá! Ẹ̀ka tuntun! Inú wọn á dùn ní Kathmandu!" Ó ti ń kọ ọ́. Ó ń ka ìlànà tó kù pẹ̀lú ohùn gooro, bí ẹni tó ń kọrin. "'Ẹ̀ka tuntun gbọ́dọ̀ ní pátákó…' Ó ti ní. '…gbọ́dọ̀ ní ọ̀gá tí yóò máa gbé ibẹ̀…' A ó wá òṣìṣẹ́ kékeré kan. '…ọ̀gá náà ni òṣìṣẹ́ tó buwọ́ lùwé gba ohun èlò tó wà níbẹ̀, òun ni yóò sì máa ṣọ́ ọ…'"

Orin náà dá dúró.

"Ẹ ka èyí tó kù, ọ̀gá."

"'…títí ohun èlò náà yóò fi gbó.'"

Rijal fi àtàǹpàkò nu ìbuwọ́lùwé rẹ̀. Kò parẹ́. Ó tutọ́ sí i, ó tún nù ún. Òǹtẹ̀ méjèèjì kàn ń wò ó.

"Ẹ jẹ́ ká fà á ya, ìyá!"

"Ẹ fà á ya. Kí owó náà padà sí Kathmandu. Ibo lẹ ní wọ́n máa ń gbé ẹni tí kò bá mọ owó ná lọ?"

Ọ̀gá rọ̀ wọ̀ọ̀ sórí àga. Lójú kan náà, Sukmaya ti fa ìwé náà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó fi ọ̀rá wé e, ó sì kì í bọ abẹ́ ìborùn rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méje. Oní-irin-àlòkù lè wá ní Sátidé tó bá wù ú, yóò bá obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín nílé.

"Ìyá," ni Rijal wí, ohùn rẹ̀ ti kéré, "ṣé òtútù máa ń mú lóhùn-ún?"

"Ẹ kó súwẹ́tà dání."

"Ọ̀nà náà ńkọ́?"

"Ó ń yọ̀. Ẹ di ẹ̀ka igi mú."

"Tí tiransifọ́mà tuntun yìí bá tún wá jó ńkọ́? Ṣé a ó wá jọ wà nínú òkùnkùn ni?"

Sukmaya ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ti ṣí agboòrùn. Ó yíjú padà.

"Á jó kẹ̀? Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀. Látọjọ́ tí wọ́n ti ń dá ìjọba sílẹ̀, ta ló gbọ́ ọ rí pé iná kú nílé ọ̀gá iná?"