Ìdọ̀bálẹ̀ Gbé Fìríìsà Mi Lọ

Àyúbà àbúrò mi, ọkùnrin ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún fóònù láàárín ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Ṣómólú.

Fóònù o. Ẹ̀rín ì bá pa mí, tí kì í bá ṣe pé inú ń bí mi.

Ìdíje géèmù bọ́ọ̀lù ni. Ilé géèmù kan ní Onípanu ló gbé e kalẹ̀, ẹni tó bá gba ipò kìíní á gba fìríìsà ńlá. Géèmù yìí kò sí nínú fóònù Àyúbà rárá. Ibì kan tó jìnnà ló wà, orí ayélujára ni fóònù ti ń fà á wá, bí ẹni ń wo tẹlifíṣàn. Ìyẹn ló jẹ́ kó lè fi fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ bá àwọn tó ní kọ̀ǹpútà olówó ńlá gbá a. Ó nà wọ́n. Ó na àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó na òṣìṣẹ́ báńkì, ó na nọ́ọ̀sì kan ní Igbóbì.

Èmi ti kó pépà kúrò ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kí fìríìsà lè ríbi jókòó. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé omi tútù ń bọ̀.

Nígbà tó kan àṣekágbá, ta ló kù? Munirat, ọmọbìnrin tí Àyúbà fẹ́ fẹ́. Ó jókòó sí pálọ̀ bàbá rẹ̀ ní Akoka, níwájú tẹlifíṣàn tó tóbi bí ilẹ̀kùn.

Ẹ má sọ fún mi pé ilé kan náà ni fìríìsà ń lọ. Wọn ò tíì fẹ́ra. Mo kìlọ̀ fún Àyúbà pé kò sí ìfẹ́ nínú bọ́ọ̀lù. Ó ní òun gbọ́.

Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Gbàà! Ó wọlé. Gbàà! Méjì sí òdo. Mo ti ń jó.

Ṣùgbọ́n máìkì wà lára géèmù náà. Ohun tí wọ́n bá sọ ní Akoka, a ó gbọ́ ọ ní Ṣómólú. Bí Munirat ṣe rí i pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ, a gbọ́ tó rọra ní, "Bàbá, Àyúbà ló wà níbí o."

Ohùn àgbà kan dún: "Àyúbà, ṣé àlàáfíà ni?"

Gbì!

Àyúbà ti wà nílẹ̀. Àyà, ikùn, orúnkún, gbogbo rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì. Ilẹ̀ mì títí dé Bárígà. Fóònù fò lọ sábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé ara yín le sà?"

Kò tíì kí tán tí Munirat ti gbá ọ̀kan wọlé.

Mo ní, "Dìde, jọ̀ọ́. Bàbá ò rí ẹ."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run rí mi."

Ó ṣáà dìde, ó fa fóònù yọ, ó gbá bọ́ọ̀lù dé ojú ilé. Munirat ní kí bàbá rẹ̀ bi Àyúbà bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

Gbì! Méjì sí méjì.

Ara mi gbóná. Ṣé àwọn nìkan ló mọ àṣà ni? Ta ni ìyàwó ń kúnlẹ̀ fún ju ẹ̀gbọ́n ọkọ lọ? Mo já fóònù gbà, mo fẹnu mọ́ ọn. "Munirat, ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ ni o. Ṣé o jí dáadáa?"

A gbọ́ pàkà ní Akoka. Ohun tó fi ń gbá géèmù ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

Mo béèrè ìyá ẹ̀, mo béèrè àwọn àbúrò ẹ̀, mo béèrè ológbò wọn, kó má bàa dìde. Mo wá na fóònù sí Àyúbà pé kó gbá a wọlé kíákíá, torí èmi ò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀.

Àyúbà ò dìde. Ó ní Bàbá ò tíì ní kí òun dìde.

Agbábọ́ọ̀lù méjìlélógún dúró lórí pápá bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Eré ti fẹ́ parí.

La bá gbọ́ ohùn Bàbá: "Kí lèyí tó bọ́ sílẹ̀ yìí? Ṣé wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ni?"

Gbàà.

Mẹ́ta sí méjì. Fèrè dún.

Fìríìsà gba ọ̀nà Akoka lọ. Mo bú Àyúbà títí ẹnu mi fi gbẹ. Ó ní àna òun ló gbá a wọlé, ṣé kí òun bá àna jà ni?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ará ilé Munirat fi ìwé ẹrù ìdána ránṣẹ́ sí wa. Iṣu ogójì. Oyin. Àpò iyọ̀. Àpò ìrẹsì. Mo ń kà á lọ, mo ń mirí, títí mo fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí Bàbá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́:

"Fìríìsà kan. Kó bá ti àkọ́kọ́ mu."