Igbá Àrokò Tí Ọdẹ́rìndé Dá Tú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ohun tí ẹni mẹ́ta dì, ẹnìkan kì í dá tú u? Ẹ ò mọ̀. Ẹ kàn ń mirí bí alángbá. Ó dáa, ẹ fetí sílẹ̀.

Ọmọge kan wà ní ìlú Ẹ̀bádò, Àṣàkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Lábọ̀dé tó wù ú ń gbé òdìkejì odò. Bàbá Àṣàkẹ́ ti búra pé bí àrokò Lábọ̀dé kò bá dé kí oòrùn tó wọ̀, òun á fi ọmọ òun fún Olóyè Ṣàńgótọ́lá, arúgbó tí ikọ́ rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Bí àrokò ṣe ń rìn láyé ìgbà náà nìyí. Àfẹ́sọ́nà á so owó ẹyọ sínú àpò kékeré. Alárenà rẹ̀ á fi ewé pọ́n àpò náà, á ki ata gbígbẹ bọ̀ ọ́, kí alárenà ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún lè mọ̀ pé kó ṣe kíá. Atukọ̀ á gbé e sínú igbá, á fi aṣọ pupa àti eyín ajá dè é lórí, kí atukọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lè ṣọ́ra fún olè. Tó bá gúnlẹ̀, atukọ̀ á tú ti atukọ̀, alárenà á tú ti alárenà, ìyókù di ti ọmọge. Kálukú ń gbọ́ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń yọjú sí ti ẹlòmíì.

Igbá gúnlẹ̀ lọ́sàn-án lóòótọ́. Ta ló lọ pàdé rẹ̀? Ọdẹ́rìndé, àbúrò bàbá Àṣàkẹ́, ẹni tó dé Ìlọrin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì sọ ọ́ di oyè. Ó já igbá gbà lọ́wọ́ atukọ̀.

"Bàbá kékeré, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u bó ṣe yẹ," Àṣàkẹ́ ń bẹ̀ ẹ́.

"Odidi èèyàn mẹ́ta, nítorí igbá kan? Ọ̀lẹ ni yín! Ní Ìlọrin..."

Ó gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fa aṣọ pupa já. Eyín ajá bọ́ sílẹ̀.

"Háà! Ẹ̀gbọ́n mi, Lábọ̀dé yìí ní òun máa bù yín jẹ!"

"Èmi?" Bàbá Àṣàkẹ́ dìde fùú.

Ọdẹ́rìndé fa ewé ya, ata dà sí i lọ́wọ́. "Ó tún ní òun á fi ata sí yín lójú!" Ló bá fi ọwọ́ ata nu òógùn ojú. "Yéè! Ó ti ṣe é o! Láti òdìkejì odò ló ti ń ṣe é!"

Ló bá ju gbogbo rẹ̀ nù, ó ki orí bọ ìkòkò omi. Àwọn ọkùnrin ilé gbé kùmọ̀, wọ́n forí lé ọkọ̀.

"Ẹ pe Ṣàńgótọ́lá wá fún mi!" ni bàbá ń jágbe.

Àṣàkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó mú àpò kékeré nínú ẹrẹ̀, ó tú u. Owó ẹyọ méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n kọjú síra, wọ́n lẹ̀ mọ́ra típẹ́típẹ́.

"Bàbá mi, ẹ wò ó. Ó ní ká jọ máa wojú ara wa. Ọ̀rọ̀ tó rán sí mi nìyí. Atukọ̀ ló fi eyín ajá bá atukọ̀ sọ̀rọ̀, alárenà ló fi ata bá alárenà sọ ọ́. Bàbá kékeré kàn ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọn ò rán sí i ni."

Bàbá wo owó ẹyọ, ó wo oòrùn, ó wo àbúrò rẹ̀ tó ń hó nínú ìkòkò. Ẹ̀rín pa á títí fìlà fi ṣí lórí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé kùmọ̀ padà, kí wọ́n sì ránṣẹ́ sí ọkọ ọmọ òun.

Ọdẹ́rìndé ńkọ́? Ó ṣe mí láàánú. Láti ọjọ́ náà, tí ẹ bá gbé ẹ̀kọ fún un nínú ewé, á dì í mú, á máa dá itọ́ mì.

"Ta ló pọ́n ọn? Ẹ bá mi pe gbogbo wọn wá."

"Ẹ̀kọ ni, bàbá! Ẹ jẹun!"

"Ẹ̀kọ kẹ̀? Ojú mi ò tíì gbàgbé. Ohun tí ẹni mẹ́ta dì, ẹnìkan kì í dá tú u!"