Ẹsẹ̀ Fọ́kà Kì í Ká

Bí ẹ bá dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí ẹ bèèrè Fọlábí tó ń cháàjì fóònù, yóò ní òun kọ́. Ẹ pè é ní Ọ̀gágun Òfuurufú, yóò jẹ́ yín lóhùn kíákíá. Òun ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ, òun náà ló ń ki ara rẹ̀: Fọlábí, afò-bí-àṣá, ẹyẹ tí ẹyẹlé ń wárí fún! Bẹ́ẹ̀, àkàbà lásán ló ń gùn tí òòyì fi ń kọ́ ọ.

Waliyat ló fà á, aránṣọ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Fọlábí fẹ́ fi ṣaya, ṣùgbọ́n ó rò pé iṣẹ́ cháàjì kò tó fi tọrọ ọmọ olọ́mọ. Ló bá ka ìtàn Fọ́kà, ọkọ̀ òfuurufú ogun tí àwọn ará Fínláǹdì lò láyé ogun Hítílà, lórí fóònù oníbàárà, ó sì sọ fún Waliyat pé Fínláǹdì lòun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á.

Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó wọ yunifọ́ọ̀mù búlúù tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán yinrin. Israfil ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà pé kó rọra jókòó.

Nílé àwọn Waliyat, wọn kò tíì gbé omi wá tí Fọlábí ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọta ìbọn a lu Fọ́kà bí ajere, á ṣì gbé awakọ̀ rẹ̀ délé. Ó ní bí yìnyín bá bo ilẹ̀, wọn a yọ táyà rẹ̀, wọn a fi pákó pẹlẹbẹ sí i, á sì gbéra. Bó bá sì dorí kodò láti òkè, ó ní kò sí ewu.

Alhaji Mashood, ẹ̀gbọ́n bàbá Waliyat, bèèrè bóyá Fọ́kà kò ní àléébù ni. Fọlábí ní ó ní. Kò yára, ìbọn rẹ̀ kò lágbára, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tuntun a sì máa ká ẹsẹ̀ onítáyà wọn wọnú bí wọ́n bá gbéra, tirẹ̀ kì í ká.

"Ọkọ̀ ayé Hítílà," ni Alhaji wí, "ìwọ wá ń wà á?"

"Ojúlówó kì í gbó, sà."

Ìgbà tó kan ìdọ̀bálẹ̀, Fọlábí dúró gbọnrangandan. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ṣòkòtò náà fún un dé egungun.

"Ẹ má bínú, sà. Àwa ológun òfuurufú kì í dọ̀bálẹ̀. Bíi Fọ́kà la rí, ẹsẹ̀ wa kì í ká."

Ta ni yóò fi ọmọ fún ẹni tí kò lè dọ̀bálẹ̀ fún àna?

"Kò burú," ni Alhaji wí. "Fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ náà lo ní Fọ́kà mọ̀ ọ́n dorí kodò. Dorí kodò ká wò ọ́."

Àwọn obìnrin ilé ti ń rẹ́rìn-ín. Fọlábí wo ojú Waliyat, ó rí i pé aya ń lọ. Ló bá na apá méjèèjì, ó sì já lulẹ̀ gbalaja. Ṣòkòtò ya fààà láti ìdí dé orúnkún.

Israfil káwọ́ lérí. "Fọlábí, o pa mí. Kí ni n ó wá wọ̀ lọ ṣọ́ ilé epo lálẹ́ òní?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé kúrò. Alhaji nu omijé ẹ̀rín, ó bi Fọlábí níbi tó nà sí pé kí niṣẹ́ rẹ̀ gan-an.

"Fóònù ni mò ń cháàjì, sà."

Waliyat lọ mú abẹ́rẹ́. Ó rán ṣòkòtò náà dáadáa, ó sì gbé e fún Israfil tó ni ín.

"Ká ní iṣẹ́ fóònù tí ò ń cháàjì lo bá wá," ló sọ fún Fọlábí, "wọn ì bá ti ṣe àdúà fún wa báyìí."

Ìró àlòkù ni Ọ̀gágun ró padà sí Ọ̀yọ́. Ẹ̀yìn mọ́tò ló fún ara rẹ̀ sí, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà, kò sì sẹ́ni tó ní kó ká a.