Ẹ̀yìn Káfíńtà àti Ààwẹ̀ Òfófó

Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ló kù kí ọdún Àjíǹde wọlé. Onígbàjámọ̀ kan, tí ẹnu rẹ̀ yá ju kílípà rẹ̀ lọ, ti gẹ irun apá òsì orí káfíńtà àdúgbò tán. Irun apá ọ̀tún ṣì wà níbẹ̀.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dé ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́rú. Ìsìn ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ni, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

KÁFÍŃTÀ: Irun ni mo wá gẹ̀ o.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ ṣàánú mi. Bàbá Àlùfáà ní kí kálukú jáwọ́ nínú nǹkan kan, kó sì mú ẹnì kan wá. Gbogbo ìjọ ló ti mú ẹni tiwọn wá. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì gan-an mú márùn-ún. Èmi nìkan ni mò ń dá jókòó bí ẹni tó dẹ́ṣẹ̀.

KÁFÍŃTÀ: Kí lo wá jáwọ́ nínú ẹ̀?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Òfófó.

(Káfíńtà rẹ́rìn-ín débi pé kílípà fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e létí.)

KÁFÍŃTÀ: Ìwọ kẹ̀! Kí ló wá kù lára ẹ?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé, mi ò gbé ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni fún ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ ń bọ̀?

KÁFÍŃTÀ: Ẹ̀yìn ń dùn mí. Mi ò lè jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ̀yìn wo? Ṣebí lórí àga yìí lẹ ti sọ fún mi pé irọ́ ni. Ẹ ní ìyá ìyàwó yín tó wá kí yín nílé fẹ́ kí ẹ bá òun tún bẹ́ẹ̀dì tó ń dún ṣe, àti pé tí bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún bá fi lè dára, màmá ò ní lọ mọ́.

KÁFÍŃTÀ: (ó yára wo ẹnu ọ̀nà) Rọra! Ìwọ nìkan ni mo sọ fún!

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ọ̀rọ̀ yín ò jáde lẹ́nu mi. Àfi nínú àdúrà.

KÁFÍŃTÀ: Àdúrà wo?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Àdúrà ìjọ. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ bọ́ síwájú. Mo bá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn...

KÁFÍŃTÀ: Gbohùngbohùn!

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Èrò pọ̀, ẹ̀gbọ́n, àwọn tó wà lẹ́yìn ò ní gbọ́. Mo ní, "Ẹ bá mi gbàdúrà fún ọkùnrin kan tó ń purọ́ ẹ̀yìn dídùn nítorí ìyá ìyàwó rẹ̀." Mi ò dárúkọ o. Tí mo bá dárúkọ, òfófó nìyẹn.

(Káfíńtà fò dìde pẹ̀lú aṣọ ìgẹrun lọ́rùn.)

KÁFÍŃTÀ: Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà ni ìyàwó mi ń mú ìyá ẹ̀ lọ!

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Mo mọ̀. Iwájú ni wọ́n jókòó sí. Àmín màmá ló ròkè jù.

KÁFÍŃTÀ: Mo gbé o! Ó ti mọ̀!

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Kò mọ̀ rárá. Ṣe ló ń sunkún. Ó ní, "Irú àna burúkú wo lèyí? Ọlọ́run, mo dúpẹ́ pé ẹ̀yìn ọkọ ọmọ tèmi ń dùn ún lóòótọ́."

(Káfíńtà rọra jókòó. Ojú ń tì í, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, kò mọ èyí tí ì bá gbé síwájú.)

KÁFÍŃTÀ: Èèyàn dáadáa ni màmá, àbí?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ó ju dáadáa lọ. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ níbẹ̀ pé òun ò ní fi yín sílẹ̀ títí ẹ̀yìn yín á fi san.

KÁFÍŃTÀ: Títí kí ni? Ọdún Àjíǹde ló ní òun ń lọ!

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ó ti ra ìpara mẹ́fà.

KÁFÍŃTÀ: (ó nàró ṣánṣán) Gẹ èyí tó kù kíá! Mò ń bọ̀ lọ́jọ́rú. Mà á bọ́ síwájú, kí àlùfáà gbàdúrà, kí n fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yìn mi ti san!

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ purọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì? Nígbà Lẹ́ńtì?

KÁFÍŃTÀ: Irọ́ wo? Ṣé ẹ̀yìn ń dùn mí ni?

(Onígbàjámọ̀ rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó sì tún gbé kílípà rẹ̀.)

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ó dáa, èmi náà ti rí ẹni mú wá! Inú màmá á mà dùn o. Ó ní lọ́jọ́ tí ẹ bá ti nàró báyìí, òun ò ní dúró ìṣẹ́jú kan mọ́, ilé òun lòun ń lọ tààrà.

KÁFÍŃTÀ: Halelúyà!

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ó ní ẹ ó ti lè tún bẹ́ẹ̀dì òun ṣe, òun fẹ́ lọ kó ẹrù òun tó kù wá.