Àǹtí Mùtíátù Lọ Bẹ Ọ̀gá ní Trafford Park

Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí ẹni tó máa bá wa bẹ̀bẹ̀, tí ẹjọ́ wa á tún wá pọ̀ sí i. Lọ́dún 1991, gáréèjì ńlá kan tí wọ́n ti ń ta mọ́tò ní Trafford Park, nílùú òyìnbó, ni Táòfíkì ti ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Tó bá di Tọ́sìdeè, ó di kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọjọ́ yòókù, abẹ́ mọ́tò ló ń wà. Bí gáréèjì bá sì lé e, kọ́lẹ́ẹ̀jì náà á ní kó máa lọ ni. Lọ́la Fúráìdeè ni Mánéjà Richard, ọ̀gá gáréèjì náà, máa sọ ọmọṣẹ́ tó máa dúró àti èyí tó máa kẹ́rù ẹ̀. Nírọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè yìí, Táòfíkì ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé sí fúláàtì wọn ní Ardwick, ló bá bá Àǹtí Mùtíátù, àbúrò ìyá rẹ̀ tó gbà á sílé, lórí àga nínú léèsì Iléyá. Gíríìsì ti kun orúnkún léèsì náà dúdú.

"Ẹ kúulé o, Àǹtí. Ṣé Iléyá tún ti dé ni? Wọn ò sọ fún wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì."

"Jókòó, ọmọ mi. Mo ti bá ẹ parí ẹ̀."

"Ẹ bá mi parí kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹ. Mo lọ sí gáréèjì yín, mo lọ bẹ ọ̀gá ẹ."

Báàgì tó wà léjìká Táòfíkì já bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́? Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ṣé ìgbà téèyàn bá ṣẹ̀ tán ni wọ́n ń bẹ ọ̀gá? Ta ló fà ẹ́ lé ọkùnrin yẹn lọ́wọ́? Ìwọ fúnra ẹ lo rìn wọlé bí ẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì. Ọmọṣẹ́ tí ò lẹ́nìkan lẹ́yìn, òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lé."

"Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ sì rọra yan ọjọ́ tí mi ò sí níbẹ̀."

"Mo gbọ́n ni. Ká ní o wà níbẹ̀, ò bá ti bà á jẹ́."

"Ṣé ọwọ́ òfìfo lẹ gbé lọ?"

"Ọmọ ta ni mí? Iṣu méjì, iṣu gidi, láti ọjà Moss Side. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀, ó bi mí pé ara mọ́tò wo ló ti bọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Mo kúnlẹ̀, nínú wọ́kíṣọ́ọ̀bù, láàárín gbogbo wọn. Òun náà sì kúnlẹ̀."

"Mr Richard kúnlẹ̀ fún yín?"

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, orí mi wú. Àṣé ó rò pé yẹtí mi ló já bọ́. Ó pe àwọn ọmọṣẹ́ yòókù, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rá kòrò lábẹ́ mọ́tò."

Táòfíkì fọwọ́ bojú. Àwọn ọmọṣẹ́ wọ̀nyẹn ló máa bá jókòó jẹun lọ́la, tó bá ṣì ríbi jókòó sí.

"Kí lẹ wá sọ?"

"Ohun tí gbogbo alágbàtọ́ ń sọ. Mo ní, 'Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú ọmọ wò ó. Mo mọ̀ pé ọ̀lẹ ni.'"

"Ta ni ọ̀lẹ?"

"Ìwọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn! Tí mo bá bú ẹ, ọ̀gá ẹ á ní, 'Rárá o, màmá, ọmọ dáadáa ni.' Màá dúpẹ́, ó parí. Àmọ́ kò sọ ọ́."

"Kí ló wí?"

"Ó ní, 'I see.'"

"Ẹ sì dákẹ́ síbẹ̀."

"Kí n dákẹ́ kẹ̀! Mo rò pé bóyá èébú yẹn ló kéré. Mo ní olórí kunkun ni ẹ́. Ó ní, 'I see.' Mo ní o máa ń purọ́. Ó ní, 'Really?' Mo ń wò ó lẹ́nu, pé ó máa sọ ọ́ báyìí, ó máa sọ ọ́ báyìí. Ló bá mú mi wọ ọ́fíìsì, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó ní kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ."

"Ẹ sì bá a lọ."

"Ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀, Táòfíkì! Mo ní o máa ń jalè."

"Àǹtí!"

"Ẹran inú ìkòkò ni mo ní lọ́kàn, nígbà tó o wà ní kékeré! Mo wá fi ọ̀rọ̀ àwọn àgbà dé e. Mo ní, 'Ẹ nà án bó ṣe wù yín. Ẹran ara ẹ̀ ni tiyín, eegun ẹ̀ ni kẹ́ ẹ dá padà fún mi.' Ó ní òun kì í jẹ ẹran."

"Ẹ ò bá kúkú sọ pé mo pààyàn, ká mọ̀ pé ó tán."

"Mo rò ó. Àmọ́ ojú ọkùnrin náà ti pọ́n."

Táòfíkì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbìì. Omi ti lé sójú rẹ̀, ẹnu tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ti rọ̀.

"Wọ́n máa lé mi lọ́la, Àǹtí. Gáréèjì á lé mi, kọ́lẹ́ẹ̀jì á lé mi. Iṣẹ́ yìí nìkan ló wù mí láyé."

"Ta ló ní wọ́n máa lé ẹ? O ò lọ ibì kankan. Mo ti gbà á fún ẹ."

"Báwo?"

"Ó ní látìgbà tóun ti wà nídìí mọ́tò títà, òun ò tíì rí ẹni tó sọ òótọ́ tó báyìí nípa ọjà ara ẹ̀. Ó ní kí n wá máa bá wọn ta mọ́tò àlòkù. Mo ní láìsí ọmọ mi, mi ò wá. Ó ní kò burú, kó o dúró, kí n ṣáà máa ṣọ́ ẹ. Mọ́ńdeè la jọ ń lọ."

Táòfíkì ò mọ̀ bóyá kóun dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ ni, àbí kóun dọ̀bálẹ̀ sunkún.

"Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ibi tí wọ́n ń rọ epo sí lára mọ́tò! Kí lẹ wá sọ fún un nípa ara yín?"

Àǹtí Mùtíátù gbọn ìró léèsì náà, ó tún ìjókòó ṣe.

"Mo rẹ ara mi sílẹ̀, bó ṣe yẹ. Mo ní èmi yìí, òpè ni mí, ẹnu mi ti pọ̀ jù, mi ò sì mọ nǹkan kan. Mi ò tíì panu dé tó fi fò dìde lórí àga. Ó ní, 'Rárá o, màmá! Ẹni dáadáa ni yín!'"